Jẹ́nótáìpù tú wa ká, a ò sì di ọ̀tá

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé tí ìfẹ́ bá ti dópin, ìjà ló kàn. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. AS ni mí, ìyẹn ni pé mo gbé ohun tó ń fa àrùn fòníkú-fọ̀ladìde sára, àmọ́ àrùn náà ò ṣe mí. AS náà ni ọkùnrin tó yẹ kí n fẹ́ n'Íbàdàn. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ní ká lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ká tó mú ọjọ́ ìgbéyàwó. A tún un ṣe níbòmíì, torí àṣìṣe máa ń wà (ẹ̀yin náà, ẹ tún tiyín ṣe kí ẹ tó sunkún). Èsì kan náà ló jáde.

Tí AS méjì bá fẹ́ra, oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ewu 25% pé kí ọmọ jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tí àrùn náà ń ṣe gan-an. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé tí ọ̀kan bá ti ní in, àwọn tó kù ti bọ́. Àbúrò àfẹ́sọ́nà mi ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Òru ni wọ́n sábà máa ń gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù, táá máa ké pé eegun ń ro òun. Nígbà tí àfẹ́sọ́nà mi jókòó tì mí tó ní, “Mi ò lè wo ọmọ tìẹ kó máa jẹ irú ìyà yẹn,” mi ò bú u. Ẹyin lohùn. Ó sì dára tó jẹ́ pé ojú kojú ló ti sọ ọ́, kì í ṣe lórí fóònù.

Èmi fúnra mi ni mo lọ bá ìyá rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Mọ́mì, ẹ ṣeun tí ẹ gbà mí bí ọmọ.” Wọ́n súre fún mi títí, wọ́n wá bu àmàlà àti gbẹ̀gìrì fún mi. Mo jẹ ẹ́ tán, tẹkúntẹkún.

Ibi tó le jù ni ìpè. Àwọn kan á ní àwọn á ṣì máa ṣọ̀rẹ́ lásán, wọ́n á wá máa pera wọn láàárọ̀ lálẹ́. Irọ́ ni wọ́n ń pa fúnra wọn! Ẹni tuntun ò ní ráyè wọlé. Àwa jọ gbà pé ká má pera wa títí ara á fi balẹ̀. Lálẹ́ tí a sọ ọ́, mo gbàdúrà fún un pé kí Ọlọ́run fún un ní AA (ẹni tí kò gbé e sára rárá) tó máa fẹ́ràn rẹ̀, tó sì máa lè fara da bó ṣe ń hanrun. Ó bú sẹ́rìn-ín.

Àṣírí tó sọ fún mi ṣì wà nínú mi. Àwọn ọ̀rẹ́ tó wá fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, òfo ni wọ́n bá lọ.

Nígbà tó ń gbéyàwó, mo ra aṣọ ẹbí, àmọ́ mi ò lọ. Ẹni tó bá lè lọ, kó lọ. Ní tèmi, mi ò fẹ́ kí ojú ìyàwó máa wá mi kiri lọ́jọ́ tó yẹ kó máa jó. Aṣọ náà ò kúkú ṣòfò, mo ti rán an, ó sì yẹ mí dáadáa.