Ọkọ̀ ojú omi ló gbé mi débi oúnjẹ gidi ní Bangkok

Lánàá, èmi àti màámi wà ní ọjà Olúwo níbí ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n ń ná ẹja lọ́wọ́, ni ìyá ẹlẹ́ja bá bi mí pé, "Ọmọ mi, kí lo tiẹ̀ ń rí jẹ ní Bangkok yẹn, àbí ìrẹsì náà ni ṣá?" Mo ní ẹ fọkàn balẹ̀ Màmá, mò ń jẹun dáadáa, ó kàn pẹ́ kí n tó mọ ibi tó wà ni.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mọ́ọ̀lù ni mo máa ń lọ, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ oúnjẹ Íńdíà, Ítálì, oríṣiríṣi sára pátákó, owó gọbọi, àmọ́ gbogbo ẹ̀ ló ń dùn bíi ṣúgà, ata ẹ̀ kì í ta rárá. Ti gààrí ló dùn mí jù. Kò sórílẹ̀-èdè tó ń ta ẹ̀gẹ́ sókè òkun tó Thailand, sítáàṣì àti oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ni wọ́n ń fi ṣe, n ò rí ẹnì kan tó ń yan gààrí!

Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, ló sọ fún mi pé ibi tí àwọn tó loúnjẹ bá pọ̀ sí ni kí n lọ, kí n wọ ọkọ̀ tó ń ná odò Saen Saep. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, ọkọ̀ ojú omi ò bà mí lẹ́rù, àmọ́ èyí ń sáré gan-an, àwọn tó ń gbowó dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì, etí ọkọ̀ ni wọ́n ń rìn lé, èrò á máa fa okùn kí tapólì lè gòkè kí omi má baà ta sí wọn lára. Mo bọ́ ní èbúté Nana Nuea, mo rìn dé àdúgbò Sukhumvit Soi 3, áà, èdè Lárúbáwá lára pátákó lọ́tùn-ún lósì, òórùn ẹran àgùntàn tí wọ́n ń yan gba gbogbo àdúgbò. Mo ra ẹ̀wà àwọn ará Íjíbítì tí wọ́n ń pè ní fuul, ó rọ̀ bí ẹ̀wà agọ̀nyìn, òróró lórí ẹ̀, pẹ̀lú búrẹ́dì pẹlẹbẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú iná. Omi bọ́ lójú mi lọ́jọ́ náà.

Àwọn ará Íńdíà ní tiwọn wà ní àdúgbò Phahurat. Tẹ́ńpìlì àwọn ẹlẹ́sìn Sikh, ẹ̀sìn kan láti Íńdíà, wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún ẹnikẹ́ni lóúnjẹ, kó o ṣáà ti borí ẹ kó o sì bọ́ bàtà.

Mo wá sọ fún ìyá ẹlẹ́ja pé àwọn Thai fúnra wọn ní ohun kan tó jọ mọ́ínmọ́ín, ho mok, ẹja ni wọ́n fi ń ṣe é, pẹ̀lú ata àti wàrà àgbọn, inú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń sè é sí. Màmá dáwọ́ ọ̀bẹ dúró, wọ́n gbé àrọ̀ ńlá kan sókè: "Ṣé eléyìí á ṣe é?"