Oyin Tó Ń Dá Gbé

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù, wọ́n ní kí n fi ọgbà mi han àwọn. Mo gbé kámẹ́rà yí i ká: ìkòkò òdòdó mẹ́fà àti ilẹ̀ tóóró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Oyin ńlá onírun kan ń bọ́ sínú òdòdó lafẹ́ńdà. Mo pariwo, "Ẹ wò ó, ó ti dé!" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Àbúrò, ṣé torí kòkòrò lo ṣe fi ilé sílẹ̀? Èyí tó kún igbó ẹ̀yìnkùlé wa níbí?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mi ò rí èsì fún wọn lọ́jọ́ náà.

Wọn ò kúkú parọ́. Ní Nàìjíríà, ta ló ń pe kòkòrò? Elégédé á hù fúnra rẹ̀ lórí ààtàn, á so, kò sẹ́ni tó máa béèrè ẹni tó bá a ṣe é. Oyin ń fò tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, tí a bá sì rí wọn, a ó sá.

Ìlú Ọba ni mo ti mọ̀ pé elégédé lè yọ òdòdó kó má so. Ọdún tí mo kọ́kọ́ gbìn ín, ọmọ kéékèèké tó wà nídìí òdòdó rẹ̀ á pọ́n, wọ́n á já bọ́. Mo rò pé ilẹ̀ ni, mo da ajílẹ̀ sí i, wọ́n ṣì ń já bọ́. Ìgbà tí mo wádìí ni mo rí i pé akọ òdòdó wà lọ́tọ̀, abo wà lọ́tọ̀, lórí ìtàkùn kan náà. Àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí, wọ́n á ti padé kó tó di ọ̀sán. Bí kòkòrò ò bá gbé lẹ́búlẹ́bú ara akọ dé ara abo láàárín wákàtí díẹ̀ yẹn, ó tán. Kòǹkéré àti koríko gígé ló sì kún ọgbà mi. Kí ni oyin fẹ́ wá ṣe níbẹ̀?

Èmi náà ti lo ọdún méjì ládùúgbò yìí nígbà yẹn, ẹnì kan ò kanlẹ̀kùn mi rí. Mo ń jí, mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń bọ̀, mo ń tilẹ̀kùn. Nígbà òtútù, ilẹ̀ ti ń ṣú ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àwọn ará ilé rò pé ìṣòro wa níbí kò ju owó lọ. Wọn ò mọ̀ pé Sátidé odindi lè kọjá kí èèyàn má lanu sọ̀rọ̀ sí ẹnikẹ́ni. Mo máa ń tan rédíò sílẹ̀ nítorí kí ohùn lè wà nínú ilé.

Mo wá gbin lafẹ́ńdà, táìmù àti àwọn òdòdó aláwọ̀ aró. Mi ò gé àwọn òdòdó yẹ́lò tó ń hù láàárín koríko mọ́, mi ò sì fín oògùn kankan. Mo bu omi sínú abọ́ pẹrẹsẹ, mo to òkúta wẹ́wẹ́ sí i kí wọ́n má bàa kú sómi. Mo so ọparun oníhò mọ́ ara ògiri níbi tí oòrùn ti ń kọjú sí.

Ní oṣù kẹrin, ọ̀kan dé, pupa rúsúrúsú, kò tóbi tó ìka mi. Ó wọ inú ihò ọparun, ó jáde, ó tún padà pẹ̀lú amọ̀. Odindi ọ̀sán ni mo fi wò ó. Á kó lẹ́búlẹ́bú òdòdó jọ, á yé ẹyin kan lé e, á fi amọ̀ mọ ògiri dí i, á tún bẹ̀rẹ̀ yàrá mìíràn. Kò ní ilé oyin, kò ní ẹgbẹ́. Oríṣi oyin tó wà láyé lé ní 20,000, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ń dá gbé báyìí. Àwọn ńlá onírun yẹn ní ìdílé ní tiwọn, ṣùgbọ́n kí òtútù tó mú, gbogbo ìdílé á ti kú tán, àfi àwọn ọ̀dọ́ ayaba. Oníkálukú wọn á gbẹ́lẹ̀, á dá sùn síbẹ̀ títí òtútù á fi lọ. Tó bá jí, á gbọ̀n iṣan ìyẹ́ rẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi móoru, á wá sàba lórí ẹyin bí adìẹ. Ọjọ́ tí mo mọ èyí, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sunkún.

Elégédé so lọ́dún yẹn. Ìyá àgbà tó wà lódì kejì ọgbà yọjú, wọ́n bi mí pé òdòdó wo ló ń pe oyin báyẹn. Mo ya díẹ̀ fún wọn. A ti ń kíra láti ìgbà náà.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní kí n wá sílé ní oṣù kẹta tó ń bọ̀. Ihò mẹ́sàn-án ni amọ̀ ti dí lára ọparun mi. Tí òtútù bá lọ, àwọn ọmọ oyin inú wọn á jáde: akọ ló wà níwájú, àwọn ló máa kọ́kọ́ jáde, abo á tẹ̀ lé wọn. Ẹ jẹ́ kó di oṣù kẹfà.