Ṣé Ẹni Tó Ń Tà Ni Kó Tún Dá Wọ̀n Ọ́n? Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lórí Iná, Gáàsì àti Sólà

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa mọ̀ pé ilé ìtẹ̀wé ló kún ibẹ̀ bámúbámú: ẹni tó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó, ẹni tó ń tẹ kàlẹ́ńdà, ẹni tó ń gé pépà, ẹni tó ń di ìwé pọ̀. Gbogbo wa là ń ra pépà, gbogbo wa là ń ra iná. Ohun kan ṣoṣo ni mo sì fẹ́ bá yín sọ. Bí ẹ bá ń ra ohunkóhun tí wọ́n ń fi nọ́ńbà tà, ìbáà jẹ́ yúnìtì iná, kílò gáàsì tàbí wáàtì sólà, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé ẹni tó ń tà á nìkan ló mọ iye tó jẹ́. Ẹ ní ìwọ̀n tiyín.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni mo ti rí i. Pépà tí wọ́n bá kọ 80 gíráàmù sí lára, bí ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ tó fi gùn tó mítà kan, tó sì fẹ̀ tó mítà kan, gíráàmù 80 ló gbọ́dọ̀ wọ̀n. Ewé A4 mẹ́rìndínlógún ló ń kún ibẹ̀. Ewé kan wá jẹ́ gíráàmù 5, rímù oníewé 500 sì gbọ́dọ̀ wọ̀n kílò méjì ààbọ̀. Ti 70 gíráàmù kò ju kílò 2.2 lọ. Ọ̀gá mi kì í sanwó láìgbé rímù sórí òṣùwọ̀n. Kì í pariwo, kì í pe ẹnikẹ́ni lólè. Bó bá fúyẹ́, á kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo ohun tí òṣùwọ̀n sọ." Ẹni tó ta pépà á wò ó, á gbé òmíràn wá tàbí kó bu owó kúrò níbẹ̀. Ẹ̀rí ti wà nílẹ̀, kí ni wọ́n tún fẹ́ máa jiyàn sí?

Iná ọba ló jẹ́ kí n mọ iyì ẹ̀kọ́ yẹn. Ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2013 ni ìjọba àpapọ̀ fa iṣẹ́ pípín iná lé àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ wa ò ní mítà nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ ò sì tíì ní in títí dòní. Bíìlì ìfojúdá ni wọ́n ń gbé wá: wọ́n á jókòó sí ọ́fíìsì, wọ́n á fojú díwọ̀n iná tí ẹ lò, ẹ̀yin lẹ máa san án. Oṣù kejì ọdún 2020 ni NERC, àjọ tó ń ṣe àkóso ọ̀rọ̀ iná, pàṣẹ pé iye kan wà tí bíìlì ìfojúdá kò gbọdọ̀ kọjá ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, NERC yìí kan náà ló kéde pé gbogbo ilé iṣẹ́ mọ́kọ̀ọ̀kànlá tó ń pín iná ní Nàìjíríà ló ti gbowó kọjá ààlà, ó sì bu owó ìtanràn tó lé ní bílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé wọn. Gbogbo wọn pátá, kò yọ ẹnì kan sílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé oníjọ̀ngbọ̀n lẹ̀ ń ṣe nítorí pé ẹ ń bi wọ́n léèrè bíìlì, ẹ má dá a lóhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní mítà, ẹ kọ́kọ́ máa yẹ rìsíìtì wò. Bí ẹ bá ra iná 10,000 náírà, VAT 7.5% wà nínú rẹ̀, ohun tó kù fún iná gan-an ò ju nǹkan bí 9,302 lọ. Bí yúnìtì kan bá jẹ́ 209.50 náírà, bó ṣe di fún àwọn Band A (àdúgbò tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún) ní oṣù keje ọdún 2024, ẹ pín in sí i, yúnìtì 44 àti díẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ rí. Bí ohun tó wọlé bá kéré sí i, wọ́n sábà máa ń ní gbèsè àtẹ̀yìnwá làwọn yọ. Ẹ ní kí wọ́n fi gbèsè náà hàn yín lórí ìwé: oṣù wo ni, ta ló jẹ ẹ́? Àwọn ayálégbé ń bẹ l'Ékòó yìí tó jẹ́ gbèsè ẹni tó ti kó jáde kí wọ́n tó kó wọlé ni wọ́n ń san láìmọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ wo mítà fúnra rẹ̀. Iná pupa kékeré kan wà lójú rẹ̀ tó ń ṣẹ́jú. Wọ́n kọ iye ìgbà tó gbọ́dọ̀ ṣẹ́jú kí yúnìtì kan tó lọ síbẹ̀: ẹ máa rí nǹkan bíi 1000 imp/kWh, ẹlòmíràn 1600. Ẹ pa gbogbo nǹkan nínú ilé, kí ẹ wá tan kẹ́tùlù oníná kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ kẹ́tùlù 2000 wáàtì ni, ìṣẹ́jú mẹ́ta ló máa fi jẹ ìdá kan nínú mẹ́wàá yúnìtì, mítà oní-1000 sì gbọ́dọ̀ ṣẹ́jú ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ìgbà. Bí iná bá wálẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí ó rí bàìbàì, kẹ́tùlù ò ní lè fà tó bẹ́ẹ̀, iye náà á dínkù. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi mítà. Àmọ́ bó bá fò kọjá ọgọ́rùn-ún dáadáa, ẹ ti ní ọ̀rọ̀ láti bá wọn sọ nìyẹn.

Ìyá Ìbejì tó ń ta ohun mímu tútù lókè ilé wa ló kọ́kọ́ bẹ̀ mí pé kí n bá òun wò ó. "Bọ̀ọ̀dá Onítẹ̀wé, mítà yìí ń sáré. Mo rà á lánàá, ó ti fẹ́ tán." A yọ fíríísà kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, a pa fáànù, a pa gílóòbù yàrá àti ti ilé ìdáná, tó fi jẹ́ pé tọ́ọ̀ṣì ni a fi ń wo mítà. Iná pupa yẹn ṣì ń ṣẹ́jú. A pe oníṣẹ́ iná, ó tọ wáyà títí, ó bá a lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó wà níwájú ilé. Wọ́n ti so wáyà ṣọ́ọ̀bù náà mọ́ ẹ̀yìn mítà rẹ̀ láyé ẹni tó gbébẹ̀ ṣáájú rẹ̀, onígbàjámọ̀ pàápàá ò mọ̀. Onílé ló ń sanwó iná fún. Ẹ̀bi ilé iṣẹ́ iná kọ́ nìyí rárá. Ká ní Ìyá Ìbejì ti lọ pariwo ní ọ́fíìsì wọn ni, wọn ì bá dá a lóhùn pé mítà àwọn ò ní àléébù, òótọ́ ni wọn ì bá sì sọ.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé àìgbàgbọ́ lásán kò tó. Ní ọdún 2024, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ iná ní kí gbogbo ẹni tó ní mítà oníkáàdì tẹ nọ́ńbà tuntun méjì sí i kí ó tó di ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá, àdúgbò wa gbóná. Àwọn kan ń sọ pé ọgbọ́n àtifowó kún iná ni, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́. Mo wádìí rẹ̀. Inú tókìn oní-nọ́ńbà 20 yẹn ni wọ́n ń fi àkókò tí wọ́n ṣe é pamọ́ sí. Ìṣẹ́jú ni wọ́n ń kà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1993, kí tókìn kan má bàa ṣe é lò lẹ́ẹ̀mejì. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún òǹkà náà ò gbà ju ìṣẹ́jú 16,777,216 lọ, ọjọ́ tí mo dá yẹn ló sì kún. Gbogbo orílẹ̀-èdè tó ń lo irú mítà náà ló kàn, títí kan South Africa. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún wa ní nọ́ńbà méjèèjì. Ẹni tó bá gbowó lọ́wọ́ yín nítorí rẹ̀, jìbìtì ló lù yín. Ẹni tó bá kọ̀ láti gba ọ̀rọ̀ ìjọba gbọ́ láìwádìí, kó má sì gba ti WhatsApp gbọ́ láìwádìí.

Gáàsì rọrùn ju iná lọ. Wọ́n máa ń fi irin lu nọ́ńbà kan sí ọrùn sìlíńdà, TW ló máa wà níwájú rẹ̀: ìwọ̀n sìlíńdà òfìfo nìyẹn. Bí TW bá jẹ́ 13.5, tí ẹ sì ra kílò 12.5, 26 ni òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ fi hàn. Bí gáàsì díẹ̀ bá ṣì kù sínú rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́, torí tiyín ni èyí tó kù. Mo ní òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n ń fi nǹkan kọ́, òun ni mo máa ń gbé dání. Olùtajà kan kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní í jẹ́ kí n fi ti èmi wọ̀n ọ́n. Mo gbé sìlíńdà mi, mo lọ síbòmíràn.

Ní ti sólà, ẹ̀yin tó ń lọ sí Alábà, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, owó ńlá ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn páńẹ́ẹ̀lì, ẹnikẹ́ni ló lè tẹ̀ ẹ́. Èmi tí mo ń tẹ ìwé ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè tẹ̀ ni títóbi páńẹ́ẹ̀lì náà. Bí oòrùn bá ràn ganrínganrín, ibi tó gùn ní mítà kan tó sì fẹ̀ ní mítà kan ń gba nǹkan bí 1000 wáàtì lọ́dọ̀ rẹ̀. Páńẹ́ẹ̀lì tó dáa jù lọ́jà pàápàá kì í lè sọ ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ lọ di iná. Nítorí náà, ti 400 wáàtì gbọ́dọ̀ sún mọ́ mítà méjì ní gígùn, kó sì lé díẹ̀ ní mítà kan ní fífẹ̀, tàbí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gbé èyí tí ọmọdé lè há mọ́ abíyá wá, tí wọ́n ní 400 ni, ẹ má dúró gbọ́ àlàyé. Ẹ mú téèpù oníwọ̀n ti télọ̀ lọ́wọ́ lọ, kò wúwo.

Ti dátà, mi ò fẹ́ pẹ́ níbẹ̀. Láti ìgbà tí NCC, àjọ tó ń ṣe àkóso ọ̀rọ̀ fóònù, ti gba àwọn ilé iṣẹ́ fóònù láyè ní oṣù kìíní ọdún 2025 pé kí wọ́n fowó kún un títí dé ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, gbogbo èèyàn ló ń kígbe pé dátà ń tètè tán. Fóònù yín ní òǹkà tirẹ̀ nínú Settings. Ọjọ́ tí ẹ bá ra dátà ni kí ẹ kọ iye tó ti kà sílẹ̀, kí ẹ wá fi ti wọn wé tiyín nígbà tó bá tán.

Ọ̀rọ̀ tó dùn mí jù ni ti Band A. Ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n gbé owó yúnìtì kan fún àwọn tó wà nínú rẹ̀ láti nǹkan bí 68 náírà lọ sí 225. Ìlérí tí wọ́n fi tì í lẹ́yìn ni iná wákàtí 20 lójúmọ́, ó kéré tán. Ìlànà NERC nígbà yẹn sọ pé bí ilé iṣẹ́ kan kò bá lè mú ìlérí náà ṣẹ fún ọjọ́ méje léraléra, kí wọ́n gbé àdúgbò náà wálẹ̀ sí ìpele tí iná tó ń rí bá mu. Ó dáa lórí ìwé. Àmọ́ ta ló ń ka wákàtí? Àwọn náà ni.

Ni a bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Mo so ìwé kékeré kan mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú bírò, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ tó bá wà nítòsí kọ ọ́: ó dé 6:10 àárọ̀, ó lọ 9:45; ó dé 1:20 ọ̀sán, ó lọ 4:00. Ìyá Ìbejì ń kọ tirẹ̀ lókè torí fíríísà rẹ̀, Alàgbà tó ń gé pépà ní òdìkejì títì náà ń kọ tirẹ̀. Nígbà tí a dé ọ́fíìsì wọn, ọ̀gá tó dá wa lóhùn fi ọ̀wọ̀ bá wa sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ohun tó wà lọ́dọ̀ tiwa ni pé ẹ ń rí wákàtí ogún." A tẹ́ ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé ò jọra, bírò ò jọra, àkókò ló bára mu. Ó kà á fún ìgbà díẹ̀, ó pe ẹnì kan wá láti inú lọ́hùn-ún.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé wa kúrò ní Band A. Owó yúnìtì wálẹ̀, inú wa dùn. Ṣùgbọ́n iná náà tún wá dínkù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni mo ti bá àwọn tó ṣe òfin yìí jà lọ́kàn mi títí di òní. Àdúgbò tí wọ́n bá ti gbé wálẹ̀, kò sí ohun tó ń lé ilé iṣẹ́ iná láti bójú tó o mọ́. Àwọn ló dalẹ̀ àdéhùn, àwa là ń gbé nínú òkùnkùn. Ohun tó yẹ kí òfin sọ ni pé kí wọ́n dá yúnìtì padà fún wa, wákàtí fún wákàtí tí wọn ò mú ìlérí ṣẹ, kí àdúgbò sì wà níbi tó wà. Òfin iná ọdún 2023 ti fún ìpínlẹ̀ láyè láti máa ṣe àkóso iná tirẹ̀, Èkó sì ti dá àjọ tirẹ̀, LASERC, sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ dídá yúnìtì padà yìí ni mo fẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ lé lórí ṣáájú ohunkóhun mìíràn.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ fi ẹjọ́ sùn, ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ iná ni kí ẹ kọ́kọ́ gba, torí pé ibi tí ẹ bá lọ lẹ́yìn rẹ̀, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín ni bóyá ẹ ti débẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà mítà, orúkọ òpópónà, àti déètì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú wákàtí rẹ̀. Ẹ má kọ "iná ò dáa rárá", kò sí ẹni tó lè fi ìyẹn ṣe ohunkóhun. Ẹ jẹ́ kí ojúlé mélòó kan buwọ́ lù ú. Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ mú lọ, kí ẹ má sì kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi lu òǹtẹ̀ àti déètì sí èyí tó máa wà lọ́wọ́ yín.