Malcolm Butler, ọmọ Vicksburg

Ọ̀rọ̀ Malcolm Butler, ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (American football), ò lè tán lẹ́nu mi láéláé. Wọ́n lé e nínú tíìmù kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Mississippi, ló bá lọ ń ṣiṣẹ́ ní Popeyes, níbi tí wọ́n ti ń ta adìyẹ díndín, kó tó wá rọ́nà dé Yunifásítì West Alabama. Ní 2014, kò sẹ́ni tó mú un nínú draft, ìyẹn ètò tí àwọn tíìmù NFL, líìgì tó ga jù, fi ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun, tíìmù Patriots ló ní kó wá dánra wò. Àfi Super Bowl, àṣekágbá líìgì náà, February 2015, Patriots àti Seahawks! Kearse ti Seahawks ti nà gbalaja sílẹ̀, bọ́ọ̀lù ń ta lára ẹ̀, ó ṣì gbá a mú, Butler ló ń ṣọ́ ọ, ó dùn mí wọra. Ó wá ku yáàdì kan péré kí Seahawks jẹ ayò, Wilson tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn jù ú sí Lockette, ọmọ tíìmù ẹ̀, Butler ti rí eré yẹn ní tréníńgì, ló bá já wọlé, ó gbà á! Patriots borí, 28-24. Mo pariwo débi pé ohùn mi há.