Mo fọ pẹ́nì ọdún 1925, iye rẹ̀ bá omi lọ

Winnipeg ni mò ń gbé, ìlú tí wọ́n ti rọ pẹ́nì Kánádà, ìyẹn owó ẹyọ sẹ́ǹtì kan, tó kẹ́yìn ní ọjọ́ 4, oṣù karùn-ún, ọdún 2012. Nígbà tí ìyá arúgbó tó ni ilé tí a ń gbé fẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó gbé ìgò kan tó kún fún pẹ́nì lé mi lọ́wọ́. Mo dà á sórí tábìlì. Ọ̀kan dúdú bí ìdí ìkòkò, orí Ọba George Karùn-ún ló wà lára rẹ̀, ọdún 1925. Mo po fínígà mọ́ iyọ̀, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán yinrin.

Ọkùnrin tó ń ra owó àtijọ́ fi dígí wò ó, ó sì mí kanlẹ̀. Ó ní ká ní mo mú un wá bó ṣe wà ni, òun ì bá san 20 dọ́là. Ó fi 3 dọ́là lọ̀ mí. Ó dùn mí wọra. Dúdú tí mo pè ní ìdọ̀tí yẹn, àwọ̀ tí bàbà ń mú wá fúnra rẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún ni, òun gan-an sì ni àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ ń wá. Bó bá ti ṣí kúrò, kò sí bí a ṣe lè dá a padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ọdún ara rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Lọ́dún 1925, díẹ̀ ló fi lé ní mílíọ̀nù kan tí wọ́n rọ. Ti 1922 sí 1926 lápapọ̀ kò pọ̀. Èyí tó ṣáájú 1920 máa ń tóbi jù wọ́n lọ, ẹ má ṣe rò pé ayédèrú ni. Ti 1955 tí a kò rí ìlà aṣọ ní èjìká Ọbabìnrin Elizabeth náà níye lórí. Ti 1936 tó ní àmì tóótó kékeré lábẹ́ ọdún, mẹ́ta péré ni a mọ̀ láyé. Wọ́n ta ọ̀kan ní ọdún 2010 ju 400,000 dọ́là Amẹ́ríkà lọ. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ta irú rẹ̀ fún yín, ẹ sá.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ìgò, pàápàá láti ọdún 1960 síwájú, iye wọn kò ju sẹ́ǹtì kan lọ. Àwọn kan á ní kí ẹ yọ́ wọn nítorí bàbà inú wọn. Òfin Kánádà kò gbà bẹ́ẹ̀.

Etí rẹ̀ ni kí ẹ fi ìka méjì dì mú, kí ẹ gbé e sábẹ́ iná, kí ẹ ka ọdún rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i kà, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n wò, pẹ̀lú dúdú rẹ̀ lára.