Bí Ẹ Bá Dé Wisbech, Àpótí Clarkson Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Lọ Wò

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ sí Wisbech, ìlú ọjà àtijọ́ kan ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ilé àwọn olówó ni mo ń wò kiri. Mo rìn ní North Brink létí odò Nene, mo wọ Peckover House tí wọ́n kọ́ ní 1722, mo sì jókòó pẹ́ nínú ọgbà rẹ̀ tó ní igi ọsàn nínú ilé onígíláàsì. Ó dùn ún wò lóòótọ́. Àmọ́ mo kọjá lára ìrántí Thomas Clarkson, ọkùnrin tó gbógun ti òwò ẹrú, nítòsí afárá láìdúró, mo bá bọ́ọ̀sì lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bi mí lórí fóònù pé, "Ṣé o rí àpótí yẹn?" Mo ní, "Àpótí wo, ẹ̀gbọ́n mi?" Wọ́n dákẹ́ lọ.

Nígbà tí mo padà, mùsíọ́mù ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì St Peter ni mo gbà lọ tààrà. Àpótí onígi ni, àwọn nǹkan ilẹ̀ Áfíríkà ló wà nínú rẹ̀: èso, awọ, aṣọ òwú tí wọ́n fọwọ́ hun. Clarkson, tí wọ́n bí ní Wisbech ní 1760, ló kó wọn jọ, òun náà ló ń gbé wọn kiri níbi tó bá ti ń sọ̀rọ̀ lòdì sí òwò ẹrú. Ohun tó ń bá àwọn èèyàn rẹ̀ sọ ni pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn èèyàn wọ̀nyí ló yẹ ká máa rà, kì í ṣe àwọn fúnra wọn. Ní 1807, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fagi lé òwò náà.

Mo tẹjú mọ́ aṣọ yẹn. Òwú rẹ̀ ki níbì kan, ó fẹ́lẹ́ níbòmíràn, gẹ́gẹ́ bíi kíjìpá tí ìyá ìyá mi máa ń fi pọn wá. Omi bọ́ lójú mi.

Ohun tó tún kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni ti John, àbúrò Clarkson. Òun ló kó àwọn èèyàn dúdú tó lé ní 1,000 láti Nova Scotia ní Kánádà lọ dá Freetown ní Sierra Leone sílẹ̀ ní 1792. Freetown yẹn náà ni wọ́n gbé Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣòógùn, lọ ní 1822 nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú. Ibẹ̀ ni àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú àti àwọn ọmọ wọn, ti padà wá sí Badagry, Èkó àti Abẹ́òkúta.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ wo ọjọ́ tí mùsíọ́mù ń ṣí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí kì í ṣe ojoojúmọ́. Rélùwéè ò kó èrò débẹ̀ mọ́ láti 1968; bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀ láti Peterborough. Peckover lè dúró di ọ̀sán.

Ẹ mú àwọn ọmọ dání. Lára ìrántí Clarkson, wọ́n gbẹ́ ọkùnrin kan tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń bẹ̀bẹ̀. Ẹ dúró níwájú rẹ̀, kí ẹ sì sọ ìtàn Àjàyí fún wọn ní Yorùbá.