Mo ti tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ o!

Ẹ bá mi dúpẹ́. Fọ́ọ̀mù IDFA Bertha Fund, àjọ tó ń fowó ran àwọn tó ń ṣe fíìmù ìtàn gidi lọ́wọ́, ti lọ sí Amsterdam. Fíìmù mi lórí àwọn Gbàgyí tó wà lórí ilẹ̀ Àbújá kí ìjọba ológun tó yàn án fún olú-ìlú tuntun lọ́dún 1976, mo ti yà á tán. Àtúnṣe ohùn àti àwọ̀ ló kù, àpò sì ti gbẹ.

Ibi tó le jù nínú fọ́ọ̀mù náà ni kí n ṣàlàyé ìdí tí èmi ọmọ Òṣogbo fi ń sọ ìtàn Gbàgyí. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kejì ń han mí létí. Ni mo bá tún wo àwòrán tí mo yà nípa ìyá àgbà kan ní Ushafa, abúlé Gbàgyí kan ní Àbújá: igi ìdáná lórí èjìká, kì í ṣe lórí, bí ìṣe wọn. Ìyá yíjú sí kámẹ́rà, wọ́n ní kí n gbé nǹkan ọ̀hún sílẹ̀ kí n wá bá àwọn gbé igi. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀ bó ṣe rí.

Àǹtí mi ní Nyanya ti ń béèrè bóyá owó ti wọlé. Ẹ gbà mí!

Ẹni tó bá mọ aṣètò ohùn tó lè gbowó lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ínbọ́ọ̀sì mi ṣí sílẹ̀.